Táyéwò Ọlọ́dà Olómi

Ẹ̀yìn ìka ni Táyéwò fi máa ń yẹ pátákó wò. Bí ọ̀dà bá ti gbẹ, á di ojú méjèèjì, á ká ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni tó fẹ́ kan ilẹ̀kùn, á wá fi ẹ̀yìn ìka kan ṣoṣo wọ́ ojú pátákó náà láti òsì lọ sí ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń nu omijé ojú ọmọ tó ti sùn lọ. Ó ní inú ìka òun ti kú, tínà tí òun fi ń po ọ̀dà láti ìgbà èwe ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀yìn ìka ló kù tí kì í purọ́.

Lọ́jọ́ tó ṣe pátákó Ṣàkírát, ìka náà kò dé abẹ́ lẹ́tà.

Ṣàkírát ń tọ́jú ẹsẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Ìgándò. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń gé èékánná, ó ń ha gìgísẹ̀ tó bá ti sán. Ohun tó ní kí Táyéwò kọ kò pọ̀: A N TỌJU ẸSẸ. Nínú gbogbo àwọn àtíìsì tó ń kọ pátákó láti Ìkòtun dé Ẹ̀gbẹ́dá, Táyéwò nìkan ló máa ń ṣe wàhálà àmì tó wà lábẹ́ lẹ́tà. Kì í fi ohùn sí orí rẹ̀. "Orí lẹ́tà, ti ẹyẹ ni," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Abẹ́ rẹ̀ ni tèmi."

Ọ̀dà olómi ló fi fín lẹ́tà náà, ó fín in gba ojú páálí tó ti gé ní àwòrán lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ìbọn tó fi fín in, ìbọn ọ̀dà elépo ni. Ẹnu rẹ̀ dín, ọ̀dà tó rọ sínú rẹ̀ sì ki, ni ìbọn bá ń wúkọ́. Ó wúkọ́ títí iṣẹ́ fi parí. Nígbà tó wúkọ́ kẹ́yìn, tí Táyéwò ti ká páálí kúrò, ó tu ẹ̀kán ọ̀dà kan jáde, ẹ̀kán náà sì lọ bà sí abẹ́ lẹ́tà tó wà láàárín ẹsẹ̀, gẹ́lẹ́, bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bí ẹsẹ̀ ṣe di ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn.

Bó bá jẹ́ àtíìsì mìíràn ni, àwọn èèyàn ìbá ní ọ̀dà ló kán. Ṣùgbọ́n Táyéwò kẹ̀? Àmì tí Táyéwò bá fi sábẹ́ lẹ́tà, ìbúra ni.

Oníbàárà tó kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì jẹ́ ọkùnrin kan tó ń bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni?"

"Ibí ni. Ẹ jókòó, ẹ bọ́ bàtà."

"Ṣé dandan ni kéèyàn bọ́ bàtà?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ rí i tẹ́ ò bá bọ́ bàtà?"

Ọkùnrin náà jókòó sí etí àga. "Ẹ máa rí i?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá. Ó ti tó ìgbà wo tí wọ́n ti bá yín tọ́jú rẹ̀ gbẹ̀yìn?"

"Ó... ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Á ti le koko nìyẹn. Ẹ má mikàn. Màá fi omi gbígbóná rẹ ẹ́ ná, màá wá fi òkúta ha á dànù."

Ọkùnrin náà gbé bàtà rẹ̀ mọ́ àyà, ó dìde, ó ní òun á kúkú lọ bẹ Ọlọ́run fúnra òun.

Ṣàkírát jáde síta, ó gbójú sókè wo pátákó, ó sì mú òkúta tó fi ń ha gìgísẹ̀ dání lọ sí ọ̀dọ̀ Táyéwò.

"Bàbá Kẹ́mi! Ẹ̀ṣẹ̀ ta lẹ ní kí n máa tọ́jú?"

Táyéwò rò ó díẹ̀. "Ṣé àwọn èèyàn ń wọlé?"

"Wọ́n ń wọlé! Wọ́n tún ń sá jáde!"

"Ó dáa náà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń sá."

Kí wọ́n tó ráyè nu ẹ̀kán náà kúrò, géńdé kan ti wá láti Akówọnjọ, ó ká ọwọ́ méjèèjì, ó ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ja ẹ̀ṣẹ́.

Ìtàn yìí ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ìtàn yòókù ní ilé Ọmọ́wùnmí, ìyàwó rẹ̀, láti ìgbà tí Táyéwò ti kú. Ẹni tó bá wá kí i á kọ́kọ́ fajú ro, á ní "Ẹ kú ará-fẹ́-ra-kù," á mu omi. Kò ní pẹ́ tí yóò fi dórí ọ̀rọ̀ Ṣàkírát, ilé á sì gba ẹ̀rín kan. Ọmọ́wùnmí máa ń fún wọn ní àga. Ó máa ń gbọ́. Kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ibi tí ìbọn ti wúkọ́ ni etí rẹ̀ máa ń dúró sí. Nínú ìtàn tiwọn, ìbọn nìkan ló ń wúkọ́.

Òun ló tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ọ̀dà olómi bẹ̀rẹ̀. Dókítà jẹ́ obìnrin kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà sí Táyéwò lẹ́yìn, ó gbọ́ ọ, ó tún gbọ́ ọ.

"Bàbá, kí lẹ máa ń fà símú lẹ́nu iṣẹ́?"

"Atẹ́gùn ni. Bíi tiyín náà."

"Àti kí ni?"

"Àti ọ̀dà. Àti tínà." Táyéwò ro ara rẹ̀ wò, ó fẹ́ sọ òtítọ́ fún obìnrin náà. "Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń fa atẹ́gùn lásán."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àyà rẹ̀ ti ń dí. Ó ní kó fi ọ̀dà elépo àti tínà sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi mímí sílẹ̀ yẹn. Bí kò bá lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kó máa lo ọ̀dà olómi. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀dà olómi ni, bó bá ń fín in, kó bo imú rẹ̀.

Táyéwò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ìdajì tó gbọ́ ni omi.

Ọmọ́wùnmí gbọ́ ìdajì méjèèjì. Kí ọjọ́ tó kanrí ó ti lọ ra ìbòmú, irú èyí tó ní ẹnu róbótó méjì tó yọ síwájú. Táyéwò gbé e sókè, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, ó ní ẹlẹ́dẹ̀ wo ló bọ́ ọ sílẹ̀.

"Ẹ bò ó, Bàbá Kẹ́mi."

"Imú mi ni mo fi ń mọ̀ bí ọ̀dà bá ti dà bó ṣe yẹ. Bí mo bá bò ó, ta ni màá bi?"

"Ẹ máa bi mí."

"Ọmọ́wùnmí, omi ni. Ta ni omi pa rí?"

"Àwọn tó rì ńkọ́?"

Ó dá ìbòmú náà padà sí i lọ́wọ́. Lọ́jọ́ yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni rántí pé ẹlòmíràn borí Táyéwò nínú ọ̀rọ̀, Ọmọ́wùnmí nìkan ló sì wà níbẹ̀.

Ọ̀dà olómi kò kúkú ṣòroó rí. Àwọn tó ń kun yàrá ń lò ó ní gbogbo ọjọ́. Ibi tí wàhálà wà ni pé ọ̀dà elépo dà bí àlejò tó mọ̀wàá hù: bó o bá tilẹ̀ kùn ún níkùnkúkùn, á tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, á bo àṣìṣe rẹ mọ́lẹ̀, á sì máa dán. Ọ̀dà olómi kì í boni láṣìírí. Ipa búrọ́ọ̀ṣì tó o bá fi sí i lára, ibẹ̀ ló máa gbẹ sí, gbogbo ayé á sì rí i. Bó bá máa jọ̀lọ̀, fífín ni. Bó bá sì jẹ́ fífín ni, irú ẹ̀rọ wo?

Olúgbénga kò gbà pé ìbéèrè gidi ni. Ọ̀gá kan náà ni wọ́n jọ sìn tẹ́lẹ̀, Táyéwò jù ú lọ dáadáa, òun ló sì ń kọ́ ọ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n Olúgbénga ti fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ tipẹ́, ó ti ra ẹ̀rọ tó ń tẹ fúlẹ́ẹ̀sì, aṣọ ọlọ́rá tí wọ́n ń tẹ àwòrán àti lẹ́tà sí lára, tí wọ́n sì ń kàn mọ́ ibi gbogbo.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilé lẹ fẹ́ kùn ni? Bí òjò ìgboro bá kan ọ̀dà yẹn, á mu ún bí ẹ̀kọ tútù."

"Olúgbénga, nígbà tí mo ń kọ́ ẹ níṣẹ́, kí ni mo ní kó o máa wò lára lẹ́tà?"

"Ẹ ní kí n máa wo etí ẹ̀."

"O wá lọ ra ẹ̀rọ tí kò ní ojú. Máa lọ jàre, ẹ jọ máa fọwọ́ talẹ̀ lọ bí afọ́jú."

Àwọn oníbàárà kò bá a dá sí ìjà yẹn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí pátákó dán. Táyéwò á ní, "Ẹ má bá mi sọ dídán. Ojú ni wọ́n fi ń rí dídán, ojú sì máa ń dalẹ̀ ènìyàn. Jíjọ̀lọ̀ ni kẹ́ ẹ bá mi sọ." Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́, wọ́n á sì gba ọ̀dọ̀ Olúgbénga lọ. Ọmọ́wùnmí ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó mọ̀ pé bí ọ̀dà olómi kò bá tètè jọ̀lọ̀, ọkọ òun á padà sídìí tínà, nítorí kò mọ iṣẹ́ mìíràn, bó bá sì padà, kò ní pẹ́ ẹ́ kú.

Ìbọn tó fi ba ti Ṣàkírát jẹ́ ni ó kọ́kọ́ jù nù. Kò wá ẹ̀rọ kejì lọ jìnnà: ó lọ yá agolo ńlá tí àgbẹ̀ máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fi fín oògùn tó ń pa koríko. Hàrúnà ló ni ín, ọmọ onílẹ̀ kan ní Òkè-Odò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, tó ṣì ń dá ilá àti ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Hàrúnà bi í.

"Ọ̀dà olómi ni mo fẹ́ fi fín."

"Ṣé wàá fọ̀ ọ́?"

"Màá fọ̀ ọ́ kí n tó dá a padà."

"Mo ní, ṣé wàá fọ̀ ọ́ kó o tó lò ó?"

"Hàrúnà, ṣé ọwọ́ rẹ tún dọ̀tí ni?"

Hàrúnà ní ọwọ́ òun mọ́. Ọ̀rọ̀ tán. Àwọn méjèèjì ka ara wọn sí ẹni tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fi fọ nǹkan kan.

Tinúọlá ló fẹ́ pátákó. Òdòdó ló ń tà ní ibùdókọ̀ Command, ó tò wọ́n sínú ọ̀rá dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, pupa, yẹ́lò, eléwé wẹ́wẹ́. Táyéwò gbé agolo Hàrúnà kọ́ ẹ̀yìn, ó dúró sáàárín àwọn òdòdó náà, ó sì fín: ODODO TUTU NI GBOGBO IGBA. Ọ̀dà náà bà lára pátákó bí ilẹ̀ tútù, ó rí kókó-kókó. Atẹ́gùn gbé ìyókù lọ síbi tó bá wù ú.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo ohun tó wà níwájú pátákó náà fi kú. Pátákó nìkan ló yè.

Tinúọlá sunkún wá bá a. Ó ní òdòdó òun ti ṣá, gbogbo ẹ̀ ti ṣá. Ọmọ́wùnmí, tó ń sẹ́ ògì lẹ́yìn ilé, gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń bẹ̀ ẹ́, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó ń pè é ní ọmọ mi, ìyá mi, títí ọmọbìnrin náà fi nu ojú nù. Ibẹ̀ ni Táyéwò kò ti lè mú ọ̀rọ̀ mọ́ra mọ́.

"Ṣùgbọ́n ọ̀dà yẹn," ó ní, "ṣé òun ò ṣá?"

Ọmọ́wùnmí ló gba òkúta lọ́wọ́ Tinúọlá.

Lẹ́yìn èyí ni Táyéwò gbà láti lọ ra ẹ̀rọ gidi. Ọmọ́wùnmí bá a lọ sí Ìkòtun, nítorí ó ti ń dúró mí lójú ọ̀nà, bó bá sì ti dúró á máa ṣe bí ẹni pé pátákó àwọn ẹlòmíràn ló ń wò. Pátákó tó wà lójú ọ̀nà náà kò tó ìgbà tó dúró.

Khalid ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ọkùnrin kúkúrú kan tó lẹ́nu bí abẹ.

"Bàbá, a kì í dán ọjà wò níbí. Bó bá ti kúrò lọ́wọ́ mi, ìyàwó yín ni."

"Ìyàwó tèmi, mo bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta kí n tó gbé e wọlé."

"Kí lẹ bá a sọ fún ọdún mẹ́ta?"

"Kò kàn ọ́. Gbé ẹ̀rọ wá."

Ọ̀dà ti wà nínú ike tó gbé dání láti ilé, búlúù tó tutù lójú. Ilẹ̀kùn Khalid ló fi ṣe pátákó. Ìbọn tó kọ́kọ́ gbé jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ àwọn tó ń fẹ́ táyà. Ó yọ abẹ́rẹ́ inú rẹ̀, ó fi eyín gé e jẹ. "Irin lásán. Omi á jẹ ẹ́, á máa tu ìpẹtà sí mi nínú lẹ́tà." Ó dá a padà.

Èkejì jẹ́ ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń kun ilé alájà púpọ̀. Kò lo atẹ́gùn rárá. Agbára ló fi ń ti ọ̀dà jáde. Táyéwò kàn fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ń tẹ̀ ni. Ó kun ilẹ̀kùn, ó kun férémù, ó kun àga aládùúgbò. Ewúrẹ́ dúdú kan gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọjá; nígbà tó yọ lódì kejì, ó ti di aláwọ̀ sánmà.

"Èyí dára fún ẹni tó ń kun ṣọ́ọ̀ṣì," ni Táyéwò wí. "Lẹ́tà mi ò tóbi tó ṣọ́ọ̀ṣì."

Ẹ̀kẹta kéré. Fáànù kan wà nínú ikùn rẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́wọ́, atẹ́gùn náà pọ̀ ṣùgbọ́n kò le. Ẹnu ìbọn rẹ̀ fẹ̀ tó láti gba ọ̀dà tó ki. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ funfun, irú irin tí omi kì í rí mú. Táyéwò bomi díẹ̀ sí ọ̀dà, ó tàn án. Kò pariwo. Ó di ọwọ́ mú bíi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí ilẹ̀kùn, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìlà kan ń gun orí ìkejì díẹ̀. Ọ̀dà náà tẹ́ lọ bí ìkùukùu òwúrọ̀ tó bà sórí koríko.

"Ìyá Kẹ́mi, gbọ́ ọ," ó ní. "Ó ń mí."

Ọmọ́wùnmí ń gbọ́. Ẹ̀rọ ń mí geere. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àyà ọkọ rẹ̀ ń han bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fepo sí.

"Ẹ rà á," ó ní.

"Màá rò ó ná," ni Táyéwò wí, nítorí ọjà ni wọ́n wà, ó sì ní iyì tirẹ̀ láti dáàbò bò. Wọ́n lọ sílé. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó fín fèrèsé. Ó tún padà wá, ó fín ògiri. Àwọn èèyàn ti ń yà wò ṣọ́ọ̀bù Khalid, wọ́n ń bi í ta ló bá a kùn ún. Khalid bá gbé ẹ̀rọ náà sínú páálí rẹ̀, ó fi okùn dì í, ó gbé e lé Táyéwò lọ́wọ́.

"Bàbá, iye tẹ́ ẹ bá pè é ni. Ẹ ṣáà máa gbé e lọ kó má kan orí èmi fúnra mi."

Bí ẹ̀rọ ṣe délé ni asẹ́ ògì kúrò níbi tó wà. Kókó kékeré ń bẹ nínú ọ̀dà, kókó náà sì ń di ẹnu ìbọn.

"Ìyá Kẹ́mi, asẹ́ rẹ dà?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ sẹ́ ọ̀dà."

"Àwọn èèyàn ń jẹ nínú rẹ̀ o!"

"Wọn ò ní mọ̀."

Ọjọ́ kejì ni Wàsílátù, tó máa ń ra ògì lọ́wọ́ rẹ̀, gbé abọ́ padà wá. Kò bínú. Ẹ̀rù ló ń bà á. "Ìyá Kẹ́mi," ó ní, "ẹ gba ògì yín. Ó ń wò mí bí ojú òyìnbó."

Ìtàn ògì yìí dùn mọ́ àwọn tó ń wá kí Ọmọ́wùnmí. Wọn kì í rántí ohun tó tẹ̀ lé e, nítorí wọn ò sí nínú yàrá tí Táyéwò ti ń fín. Yàrá náà kéré, ó sì máa ń ti fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo kí eruku má bà lé iṣẹ́ tútù. Ọmọ́wùnmí á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbòmú lọ́wọ́. Inú yàrá á funfun bí ọyẹ́, ọkọ rẹ̀ á sì wà láàárín rẹ̀, ẹnu àti imú gbayawu.

"Ẹ bò ó."

"Bó bá ti jọ̀lọ̀, màá bò ó."

"Ẹ bò ó nísinsìnyí, kó jọ̀lọ̀ tó bá yá."

"Fi ẹ̀ẹ̀kan yìí sílẹ̀ fún mi, jàre. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ òórùn ẹ̀ dáadáa."

Bó ṣe ń ná ọjà pẹ̀lú Khalid náà ló ṣe ń ná èyí. Kò gbà pé ẹ̀mí òun fúnra òun ló gbé lé àtẹ, kì í ṣe ọjà Ọmọ́wùnmí.

Madam Hope, tó ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi lójú ọ̀nà Ìgándò, ló gbé pátákó ńlá fún un. Ọmọ́wùnmí rí i bó ṣe ṣe é. Ó fín in ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó jẹ́ kó gbẹ, ó rọra fi bébà ìhagi tó kúnná ha á, ó tún fín in. Bó bá fín ìlà kan, á jókòó. Bó bá gbé ọwọ́ ga ju èjìká lọ, ikọ́ á gbé e. Nígbà tó yá, ó ń di ikọ́ náà mọ́nú títí tí ìlà yóò fi parí, kí ọwọ́ òun má bàa gbọ̀n. Ọmọ́wùnmí á máa gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà láti ẹ̀yìn ilé, á fi ògì sílẹ̀, á dúró, títí tí yóò fi gbọ́ ikọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó pè é.

"Wá fọwọ́ kàn án."

Ó fọwọ́ kàn án. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ lé ojú omi tí kò rú, tí omi náà kò sì jẹ́ kí ọwọ́ wọlé.

"Ṣé ó jọ̀lọ̀?"

"Ó jọ̀lọ̀."

"Tún un sọ."

"Ó jọ̀lọ̀, Bàbá Kẹ́mi. Ẹ lọ bo imú yín."

Táyéwò rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà kò sì padà di ẹ̀rín mọ́.

Ó bo imú lóòótọ́. Ní ilé ìwòsàn ni wọ́n ti bò ó fún un, wọ́n so rọ́bà atẹ́gùn mọ́ ọn, wọ́n fi okùn rẹ̀ kọ́ ọ létí. Nọ́ọ̀sì ní kó má sọ̀rọ̀. Táyéwò fi ìka pe Ọmọ́wùnmí sún mọ́ra, ó gbé ìbòmú náà sókè díẹ̀.

"Ta ló bá wọn yan ẹ̀rọ yìí?" ó ní. "Ẹnu ẹ̀ ti dín jù."

Kò sọ òmíràn mọ́.

Nígbà tí àwọn tó ń wá kí i dín kù, Ọmọ́wùnmí jáde. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ilé ẹ̀kọ́ Madam Hope láti wo pátákó náà, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kò tíì fojú kàn án.

Kò rí i. Fúlẹ́ẹ̀sì ńlá kan ló wà níbẹ̀, ojú Táyéwò kún inú rẹ̀, wọ́n ti nù ún mọ́ ju bó ṣe mọ́ nígbà ayé rẹ̀ lọ, ó de táì tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́rùn. Olúgbénga wà lórí àkàbà, òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kan etí kan tí atẹ́gùn ti tú. Madam Hope di àkàbà mú nísàlẹ̀.

"Ìyá Kẹ́mi, ẹ káàbọ̀, mà," ni Madam Hope wí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ láì fi àkàbà sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ògì yín la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ báyìí o."

"Èyí tó ń wo èèyàn," ni Olúgbénga wí látòkè. "Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi pé òun tọ́ ọ wò. Wọ́n ní ó dùn ju funfun lọ!"

Èyí, Ọmọ́wùnmí kò gbọ́ ọ rí. Ó fojú inú rí ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ilé, tó fi ìka bọ inú ògì búlúù nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ẹnu rẹ̀ là kó tó mọ̀. Ẹ̀rín ni. Ó fi ọwọ́ bò ó, ṣùgbọ́n Madam Hope ti rí i, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àkàbà ń mì, Olúgbénga ń pariwo pé kí wọ́n má pa òun, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì rẹ́rìn-ín títí tí ojú wọn fi lómi.

Olúgbénga nu ojú pẹ̀lú apá ṣẹ́ẹ̀tì. "Èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́, mà. Mo wá ibi tó dáa jù láti kàn án mọ́. Gbogbo ògiri ojú ọ̀nà yìí ló rí gbágungbàgun. Ibí nìkan ló tẹ́jú. Ẹ wò ó, mà. Ẹ wo bó ṣe jọ̀lọ̀."

Madam Hope ń wo ilẹ̀.

Olúgbénga wo ojú Ọmọ́wùnmí, ó wo òòlù, ó wo orí ìṣó tó tò yí fúlẹ́ẹ̀sì náà ká. Ó gbé etí tó ti tú sókè díẹ̀, ó yọjú rí lẹ́tà Táyéwò lábẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní.

Ó yí òòlù padà, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ há ìṣó àkọ́kọ́.

"Má fà á," ni Ọmọ́wùnmí wí. "Á bó ọ̀dà pátákó náà dànù."

"Kí ni kí n wá ṣe, mà?"

"Sọ̀ kalẹ̀. Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, mà."

"Lọ jẹun."

Ọmọ́wùnmí gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó dúró kí ọkọ̀ kan kọjá, ó sọdá títì, ó sì kọrí sí ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá.